Ọ̀gá, Òṣìṣẹ́ àti Owó Ìwòsàn

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ láàrin wa pé àìsàn kì í ránṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó dé. Nítorí èyí ni oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi gbé ètò adójútòfò ìlera kalẹ̀, kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ máa dá owó sílẹ̀ nígbà tí ara le, kí owó náà sì gbọ́ bùkátà ìwòsàn nígbà tí àìsàn bá dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà kọ́ ni gbogbo wọn gbà. Ó yẹ kí a wo tiwọn kí a tó yan tiwa.

Jámánì ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ní ọdún 1883. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ a máa san ìdá méjì nínú mẹ́ta, ọ̀gá a sì san ìdá kan yòókù. Lónìí, ọgbọọgba ni àwọn méjèèjì ń pín in san. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ kúrò nínú ètò náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1911 fún òṣìṣẹ́ ní dókítà, ṣùgbọ́n kò fún aya àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, wọ́n gbé ìtọ́jú kúrò lọ́rùn ọ̀gá, wọ́n sì fi owó-orí gbogbo ìlú ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba dá àfikún owó oṣù dúró nígbà ogun, ní ọdún 1942, àwọn ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ìwòsàn fa òṣìṣẹ́ mọ́ra. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ń gba ìtọ́jú nípasẹ̀ ọ̀gá. Bí iṣẹ́ bá bọ́, òṣìṣẹ́ lè dúró nínú ètò náà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò máa san ìpín ọ̀gá mọ́ tirẹ̀.

Ní Nàìjíríà wa, òfin ọdún 1999 ni ó dá ètò náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005. Ní ọdún 2022, òfin tuntun sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ọ̀gá àgbẹ̀? Ta ni ọ̀gá aláṣọ-òkè, ti káfíńtà, ti ìyá aláta? Bí a bá gbé gbogbo ètò náà lé ọ̀gá lọ́wọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ni yóò wà lóde.

Èrò wa ni pé kí ẹgbẹ́ dúró ní ipò ọ̀gá fún ẹni tí kò ní ọ̀gá. Àwọn baba wa ti mọ àjọ, wọ́n mọ èésú. Kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà máa gba owó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sínú ètò ìpínlẹ̀ wọn, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò owó náà sétí gbogbo ènìyàn, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò kó owó jẹ ni ó ń lé ọ̀pọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọlọ́lá, iṣẹ́ yín nìyí. Kí a tó dá ìjọba lẹ́bi, kí olúkúlùkù wa tí ó gba awakọ̀, akọ̀wé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè: bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀ lọ́la, ta ni yóò san owó ìwòsàn rẹ̀? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.