Ààrò Wíwúwo Kọ́ Ní Í Mú Ọbẹ̀ Jinná

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òkúta ni àwọn àgbà ń wò nígbà tí wọ́n pa òwe náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbéra ní Ìkòtún lónìí, tí ó gba Ìgàndò, tí ó sì yà sí Ẹgbẹ́dá, yóò rìn jìnnà kí ó tó rí òkúta mẹ́ta tí a tò fún ìkòkò. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni àwọn alásè ń lò bí wọ́n bá ń se ìrẹsì òde àríyá. Irin pẹlẹbẹ tí a jó pọ̀ ni àdògán ẹni tí ń din àkàrà létí títì. Ríìmù ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lójú ọ̀nà ni ti ẹni tí ń sun bọ̀ọ̀lì. Nínú gbogbo wọn, èyí tí ó ń gbayì jù ní gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ni èyí tí ó bá wúwo jù. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe ìyá rẹ̀ lóore a tọ àwọn tí ń jó irin lọ, a ní kí wọ́n fi irin tí ó nípọn dáadáa ṣe ààrò fún òun, irú èyí tí géńdé méjì yóò gbé wọlé. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ tí ilẹ̀ sì dún, ará ilé a ní, "Èyí gan-an ni ààrò!" Àdògán àtijọ́, tí ìdí rẹ̀ ti lu, a sì di ti àwọn tí ń ra ògbólógbòó irin kiri.

Kì í pẹ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá a ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n nǹkan yìí ń jẹ igi o." Ọmọ a dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n lò, Mà-á mi. Irin tí ó nípọn báyìí ní í pa ooru mọ́." Ìyá a dákẹ́, nítorí pé ọmọ ni ó náwó, ẹni tí a fún ní ẹ̀bùn kì í sì í bú ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹjọ́ náà ka iwájú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ iná, ìyá ni yóò jàre.

Kí ìṣáná tó pọ̀ lọ́jà, iṣẹ́ ńlá ni kí iná di ọjọ́ kejì. Ọmọdé ni a ń rán lọ sí ilé kejì pẹ̀lú àpáàdì láti lọ mú ògúnná wá. Ibẹ̀ ni a ti ń bi àlejò tí kò fẹ́ jókòó pé ṣé iná ni ó wá mú ni. Obìnrin tí kò bá fẹ́ kí iná òun kú ní òru, kí ni í fi bò ó? Kò fi òkúta bò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò fi irin bò ó. Eérú ni. A wa eérú lé ògúnná lórí, a lọ sùn, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, a tú u, iná a sì wà níbẹ̀. Eérú fúyẹ́, afẹ́fẹ́ há sáàárín rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó há bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Irin kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí ó nípọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná fún ara rẹ̀ ná kí ooru tó ṣẹ́kù fún ìkòkò. Gbogbo igi tí ìyá ń kì bọ ẹnu ààrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdáná, ààrò ni ó ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ọbẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá sì jinná tí a sọ ọ́ kalẹ̀, ooru tí irin ti mu a máa tú jáde fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ mọ́, a sì sọ ilé ìdáná di ààrò kejì.

Àwọn tí ń kọ́ni ní òwe máa ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ àrólé ni wọ́n fi í kọ́ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìdáná wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí a kì í sábà dé ìdí rẹ̀ nínú kíláàsì.

Kì í ṣe Alímọ̀ṣọ́ nìkan ni ìwúwo ti tan ènìyàn jẹ. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976, ilẹ̀ ríri kan ba ilé jẹ́ lọ púpọ̀ ní Guatemala, orílẹ̀-èdè kan ní ààárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ó sì pa nǹkan bí 23,000 ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ń tún ìlú kọ́, àwọn olóore kan ṣe ààrò tuntun fún àwọn obìnrin ibẹ̀. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni wọ́n pò pọ̀ mọ ọ́n, wọ́n sì fi orúkọ méjèèjì ní èdè Sípéènì sọ ọ́ ní Lorena. Ó tóbi, ó wúwo, ó lẹ́wà, ó sì ní ihò tí ń kó èéfín jáde kúrò nínú ilé. Ìròyìn rẹ̀ kàn ká ayé pé ó ń dín igi kù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n dáadáa lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé nípa ti igi, kò sàn ju òkúta mẹ́ta lọ, àwọn ìgbà kan sì wà tí òkúta mẹ́ta sàn jù ú lọ. Ẹrẹ̀ ńlá yẹn ni ó ń mu ooru. Èéfín tí ó ń kó jáde ni oore rẹ̀, oore ńlá sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń polówó.

Ní àwọn ọdún 1980, ẹlẹ́rọ kan tí ń jẹ́ Larry Winiarski, tí ó ń bá ilé ìwádìí Aprovecho ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ó ṣe ààrò tí ẹnu rẹ̀ kéré, tí ọ̀nà iná inú rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, tí igi ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ iná sì ń gòkè tààrà lọ bá ìdí ìkòkò. Ohun tí ó yí ọ̀nà iná náà ká kò gbọdọ̀ wúwo. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun fúfúyẹ́ tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí a lè rọ sáàárín irin méjì fún iṣẹ́ yìí ni eérú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí ká: ohun tí ìyá àgbà ń fi bo ògúnná ní alẹ́ ni ẹlẹ́rọ rìn jìnnà kí ó tó padà wá bá.

Nàìjíríà náà ti fẹ́ pín ààrò fún àwọn obìnrin rí. Ní oṣù Bélú ọdún 2014, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 9.2 náírà láti ra ààrò 750,000 fún àwọn obìnrin ìgbèríko, pẹ̀lú 18,000 àpò tí wọ́n ń pè ní Wonderbag. Àpò yẹn kò ní iná nínú. Ohun fúfúyẹ́ ni a kì sínú rẹ̀. Bí ìkòkò bá ti hó, a ó gbé e kúrò lórí iná sínú àpò, oúnjẹ a sì máa jinná lọ fúnra rẹ̀ láìjo igi kan sí i. Ọgbọ́n eérú náà nìyẹn. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀rọ̀ àwọn ààrò náà dé ilé ẹjọ́ ṣáájú kí ó tó dé ilé ìdáná.

Síbẹ̀, yóò jẹ́ àṣejù bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwúwo kò wúlò rárá. Ẹni tí ń yan gàrí láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò ní ohun tí ó burú nínú ààrò amọ̀ tí ó nípọn. Bí ó bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, ó gbóná di alẹ́ nìyẹn, agbada rẹ̀ a sì máa gba ooru déédéé. Ààrò búrẹ́dì, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ Agége tí ó bá Alímọ̀ṣọ́ pààlà, gbọ́dọ̀ nípọn, nítorí ooru tí ògiri rẹ̀ ti mu ni ó ń yan búrẹ́dì. Àmàlà tún ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí ń ro àmàlà ogún ènìyàn ń fi agbára èjìká ti omorogùn, bí ààrò bá fúyẹ́, ìkòkò yóò yẹ̀ lórí rẹ̀, omi gbígbóná yóò sì dà sí ẹni náà lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ààrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń ti òkèèrè wá, àwọn tí wọ́n ṣe é kò ro àmàlà rí. Òwe ààrò mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni kí ó wúwo, kí inú fúyẹ́. Kí ẹsẹ̀ irin dúró gírí, kí ibi tí iná ń jó sì jẹ́ irin fẹ́lẹ́ tí a fi eérú yí ká. Kò sí ẹni tí ń jó irin ní Ìkòtún tí kò lè ṣe é, bí a bá ṣáà ti ṣàlàyé fún un.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni igi ń wá ní Èkó láyé òde òní, nígbà tí gáàsì wà. Ẹni tí ń béèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì lọ rà á. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2016, owó tí ìjọba fi lé lítà kẹrosíìnì kan kúrò ní 50 náírà, ó di 83. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, ó ti lé ní 1,000. Gáàsì kìlógíráàmù kan náà ti lé ní 1,000 náírà ní ọdún 2024. Ẹ̀rù tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ará Ìjẹ́gun kò gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Ẹ̀bìbì ọdún 2008, nígbà tí katakata tí ń ṣe ọ̀nà bẹ́ páìpù epo. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Bárúwà, lọ́nà Ìpájà, kò gbàgbé ọjọ́ 8 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, nígbà tí ibùdó gáàsì kan gbiná, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Obìnrin tí ó bá rí irú èyí tí ó sì padà sídìí igi, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ará oko.

Ṣùgbọ́n igi náà ń pani, díẹ̀díẹ̀ ni kò jẹ́ kí a fura. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020. Ní Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí kan lórí aboyún 324, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Àwọn kan nínú wọn ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní sítóòfù tí ń lo ethanol, ọtí tí a sọ di epo ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàárín àwọn tí a pààrọ̀ sítóòfù fún bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn tí a kò pààrọ̀ fún. Nítorí náà, àwọn tí ń sọ pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ààrò nítorí pé àṣà ni, wọn kò rò ó dé ibi tí ó yẹ. Yorùbá kò tilẹ̀ ní ààrò kan ṣoṣo rí. Òkúta mẹ́ta wà, àdògán tí ó ṣe é gbé kiri wà, ààrò amọ̀ fún gàrí wà, ẹbu fún epo pupa sì wà. Iṣẹ́ ni ó ń yan ààrò. Àní igi pàápàá, yíyàn ni: igi tútù ń rú èéfín, igi wọ́rọ́kọ́ ní í sì í da iná rú. Pákó tí a ti fi ọ̀dà tàbí oògùn kòkòrò kùn, tí àwọn kan ń ṣà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kò yẹ kí ó dé abẹ́ ìkòkò ẹnikẹ́ni.

Bí àṣà kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí a dì mú, ti ẹni tí ó ni ààrò ni. Nínú agbo ilé, obìnrin tí ó bá ti ń dá iná ara rẹ̀ ní ààrò tirẹ̀, ọkọ kò sì jẹ́ lọ fa igi yọ lábẹ́ ìkòkò rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́dọ̀ amọ̀kòkò, òun fúnra rẹ̀ ni í fi ìka kàn án, tí í tẹ́tí gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Kò sí ẹni tí í bá a kan ìkòkò láti ilé. Ọmọ tí ó lọ jó irin wá láìbi ìyá rẹ̀ léèrè ti fi owó gba ààrò lọ́wọ́ ìyá. Bí ó bá bi í léèrè ni, ìyá ì bá sọ bí ìkòkò òun ti fẹ̀ tó, ì bá sọ pé òun ń ro àmàlà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti pé nínú ilé onípàsẹ́ẹ̀jì tí òun ń gbé, bí òjò bá ṣú, òun nìkan ni yóò gbé ààrò wọ abẹ́ òrùlé. Èéfín rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ ojú fèrèsé aládùúgbò. Èédú gbígbóná, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ó tó wọ yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítorí oró tí kò ní òórùn wà nínú rẹ̀, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ní ti àdògán àtijọ́, ẹni tí ó bá ní àyè lẹ́yìnkùlé kò gbọdọ̀ yára tà á fún àwọn tí ń ra irin, bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ẹ̀yìn ilé kò gbọdọ̀ di ohun tí a fi ń ti géètì. Iléyá ń bọ̀, ìsọmọlórúkọ kì í sì í tán ní ilé àwọn ènìyàn. Ìkòkò ẹran ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu ààrò tuntun èyíkéyìí lọ, orí mẹ́ta ni yóò sì jókòó lé.