Ọjọ́ Orí Kọ́ Ló Kọrin

Nígbà tí ẹgbẹ́ The Sonics gbé àwo orin This Is the Sonics jáde lọ́dún 2015, ìyìn ni ọ̀pọ̀ aṣelámèyítọ́ fi pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń yìn? Pé àwọn ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣì lè figbe ta. Ìyìn yẹn jọ àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa fún bàbá àgbà tó gun àtẹ̀gùn láìdi ọmọọmọ mú. Kò jìnnà sí èébú.

Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ni ẹgbẹ́ náà ti ṣẹ̀. Wọ́n gbé orin The Witch jáde lọ́dún 1964, àwo ńlá méjì sì tẹ̀ lé e ní 1965 àti 1966. Rọ́ọ̀kì gáráàjì ni wọ́n ń pe irú orin wọn. Kì í ṣe gáráàjì àwọn onímọ́tò o. Ibi tí bàbá ń gbé ọkọ̀ sí nínú ilé ni, tí àwọn ọmọ wá sọ di ibi ìdánrawò. Ẹgbẹ́ tú ká, oníkálukú wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, àfi ìgbà tó di 2007 tí wọ́n tún jọ gun orí ìtàgé ní New York.

Ohun tó yẹ ká yìn nínú àwo 2015 ni bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Jim Diamond tó darí iṣẹ́ náà kò pín ohùn sí etí ọ̀tún àti etí òsì. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbà jáde. Sáksófóònù ń fara gbún gìtá, ìlù ń ti àwọn méjèèjì láti ẹ̀yìn, kò sí èyí tó ráyè dá dúró. Ọmọ ogún ọdún náà lè yàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ orí bá sì dí lójú kò ní béèrè bóyá orin kan níbẹ̀ lè dẹ́rù bani bíi The Witch. Ká sòótọ́, kò sí.

Òṣùwọ̀n ọjọ́ orí yìí kan náà ló pa The Stooges, ẹgbẹ́ tí Iggy Pop ń kọrin fún, lára. Àwo wọn The Weirdness, tí wọ́n ṣe ní 2007, ọdún 34 lẹ́yìn àwo Raw Power, gba máàkì 1 nínú 10 lọ́wọ́ Pitchfork, ìwé ìròyìn orin orí ayélujára. Ṣé Iggy Pop ti dàgbà jù ni? Iggy yìí kan náà ń bọ́ṣọ jó lórí ìtàgé láwọn ọdún yẹn, èrò sì ń ya lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ orin wọn ló fúyẹ́. Gìtá Ron Asheton, tó kú ní oṣù Kìíní ọdún 2009, kò fúyẹ́ rárá: ẹni tó bá dẹtí kúrò lára ohùn Iggy yóò gbọ́ ọ níbẹ̀, tó ń kùn bí ẹ̀rọ ọlọ.