Ilẹ̀kùn Títì Nìkan Kò Tó

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ọdún 1985, Wim van Eck, ọmọ ilẹ̀ Hóláǹdì, fi han ayé pé ògiri kọ̀ǹpútà lanu: iná mànàmáná inú rẹ̀ ń tú ìgbì sí afẹ́fẹ́ bí ti rédíò. Tẹlifíṣọ̀n lásán tí ó tún ṣe díẹ̀ ni ó fi ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ náà láti òkèèrè.

Ìjọba tí àṣírí ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan. Kí ó fi irin bo yàrá náà yíká, kí ó so ohun tí ń dí ìgbì lọ́nà mọ́ wáyà iná, kí ó sì gbé ẹ̀rọ jìnnà sí títì. Owó rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣírí tí ó bá tú kò ṣeé rà padà.