Ta Ni Òfin Ń Pè Ní Ọmọ Ìbílẹ̀ Plateau?

Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún gbé àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ dé ní Àbújá, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń gba ẹnu àwa Yorùbá tó wà ní Jos: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Jos, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ni wọ́n á ní kó lọ gbàwé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà. Tó bá sì dé ọ̀hún, wọ́n á ní, "Ará Jos dé o!" Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Àríyànjiyàn lórí ta ni onílé wà lára ohun tó fa ìjà tó pa èèyàn ní Jos ní 1994, 2001 àti 2008.

Irú iṣẹ́ tí olóògbé Teslim Elias, tó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní 1972, ṣe lórí ìtàn òfin ilẹ̀ wa ló ń kọ́ni pé ká máa bi òfin léèrè: nígbà wo ni wọ́n ṣe ọ́, nítorí kí ni?

Ní 1962, òfin ilẹ̀ ìjọba Àríwá ní ọmọ onílẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti inú ẹ̀yà ilẹ̀ Àríwá wá. Ẹni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó gba ilẹ̀. (Ọ̀fà wà lábẹ́ Àríwá nígbà yẹn, Ògbómọ̀ṣọ́ wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ ò rí nǹkan!) Nígbà tó di 1979, òfin ìpìlẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ìpínlẹ̀ ní mínísítà tiwọn, ló bá ní ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ ni kí wọ́n yàn. Abala 147 òfin 1999 tún un sọ. Ọ̀rọ̀ mínísítà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o. Òfin ìpìlẹ̀ kò dárúkọ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ rárá.

Abala 318 wá ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, bá jẹ́ ará àwùjọ tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ibi yìí ló yẹ ká dúró sí díẹ̀. Òfin 1962 mọ bàbá nìkan; èyí mọ ìyá. Tí bàbá ọmọ bá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Berom, tàbí tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ Afizere, ọmọ náà ti di ti Plateau lójú abala yìí. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá nìkan làwa fúnra wa máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí kò ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ọgọ́rùn-ún ọdún ní Jos ò sọ ọ́ di nǹkan kan.

Abala 42 ní a ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà torí ibi tó ti wá. Àyè tó ṣí sílẹ̀ fún ìyàsọ́tọ̀ níbẹ̀ jẹ mọ́ ipò iṣẹ́ ìjọba, ológun, ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ tí òfin dá sílẹ̀. Lójú tiwa, owó iléèwé àti sikọ́láṣípù kì í ṣe ipò, wọ́n sì ṣeé gbé lọ sí kóòtù. Abala 15 ṣèlérí ẹ̀tọ́ olùgbé fún wa níbikíbi, àmọ́ abala 6 ní kóòtù ò lè dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá náà ń béèrè ìwé yìí. A ò lè máa bẹ Àbújá pé kí wọ́n wo iye ọdún téèyàn ti gbé ìlú, ká wá dákẹ́ tí wọ́n bá ní kí ọmọ Berom tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ gbàwé wá láti Jos. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìyẹn kún ìwé tí wọ́n bá ń kọ sí Ilé Aṣòfin, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìyá àti ìyá àgbà àwọn ọmọ wa sílẹ̀ báyìí.