Kò Sí Ìtìjú Nínú Iṣẹ́ Kékeré

Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lélẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, iṣẹ́ akọ̀wé kò kárí gbogbo àwọn tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ore àti Odígbó lónìí: ọmọ jókòó de iṣẹ́ ọ́fíìsì, ojú ń tì í láti gba iṣẹ́ ojúmọ́ nínú oko kòkó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a wí fún yín: ẹni tí ń fọ́ kòkó fún olóko ń kọ́ bí a ti ń bò ó àti bí a ti ń sá a. Ìmọ̀ náà di tirẹ̀.

Ẹ̀yin olóko, òfin 2024 fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí 70,000 náírà. Bí òfin kò bá tilẹ̀ dé oko kékeré, ẹ̀rí ọkàn dé ibẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kì í ṣe ẹ̀gàn. Fífi ìyà jẹ alágbàṣe ni ẹ̀gàn.