Ilé tó wó l'Ìkòtún: Bàálù ni, àbí irin tí kò tó?

Láti ọdún 2014 ni fídíò kan ti ń káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàálù ńlá kan ló kọ́kọ́ hàn nínú rẹ̀, ó ń fò kọjá lókè ilé gíga kan l'Ìkòtún, nìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, nípìnlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé yẹn kan náà wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí eruku sì bo gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó bá wo méjèèjì pọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́kàn ni pé bàálù yẹn ló wó o. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pín fídíò náà kiri fẹ́ kí aráyé gbà gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí fídíò náà kò lè fi han ẹnikẹ́ni: irin tó wà nínú bíìmù ilé náà, ẹrù tí àwọn pílà rẹ̀ ń gbé, àti ìwé àṣẹ tó yẹ kó wà kí wọ́n tó gbé búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà wáyé nínú ọgbà ìjọ Synagogue Church of All Nations, èyí tí Wòlíì Temitope Balogun Joshua, tí gbogbo ayé mọ̀ sí T.B. Joshua, dá sílẹ̀. Ilé ìgbàlejò alájà mẹ́fà ni ilé náà, ibẹ̀ ni àwọn tó wá gba àdúrà àti ìwòsàn láti òkè òkun máa ń dé sí. Ènìyàn 116 ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ gẹ́gẹ́ bí kóòtù tó wádìí ikú wọn ṣe sọ, àwọn tó lé ní 80 nínú wọn ló sì wá láti South Africa. Lọ́jọ́ kẹrin, Ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà náà, Jacob Zuma, ló bọ́ síta tó kéde pé ènìyàn òun 67 ti kú l'Ékòó. Ó sì lé ní oṣù méjì kí òkú àwọn àkọ́kọ́ tó dé ọwọ́ àwọn ẹbí wọn.

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ bàálù fi gba ìgboro. Wòlíì Joshua fúnra rẹ̀ ló sọ pé bàálù àjèjì kan ló ń yí po lókè ilé náà kó tó wó, pé òun gan-an ni àwọn ọ̀tá fẹ́ pa, ó sì dárúkọ Boko Haram. Ìjọ náà gbé àwòrán tí ẹ̀rọ ayàwòrán ọgbà wọn ká sílẹ̀ jáde fún aráyé. Nígbà tó yá, ẹnì kan tí wọ́n mú wá ṣe ẹlẹ́rìí ní kóòtù sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun ìjà tó ń lo ìró tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́ ni wọ́n fi wó ilé náà.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ni àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ọdún 2014 yẹn le. Nínú oṣù kẹrin ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin 276 lọ nílé ìwé wọn ní Chibok, inú oṣù kan náà ni bọ́ǹbù dún ní Nyanya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbújá. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn. L'Ìkòtún pàápàá, ọ̀pọ̀ onílé, olótẹ́ẹ̀lì, olóúnjẹ àti ọlọ́kọ̀ ló jẹ́ pé ara àwọn àlejò ìjọ náà ni wọ́n ti ń jẹun. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn àgbà ló ń pa á lówe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bàálù fò, ilé wó. Kí ni ènìyàn tún ń wá?

Ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wá ni àkókò. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ìjọ náà fúnra rẹ̀ ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàálù náà kọjá, láàárín aago mọ́kànlá ààbọ̀ sí aago mẹ́jìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Aago mẹ́jìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ni ilé wó. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ló wà láàárín méjèèjì. Nínú fídíò tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì so pọ̀, àádọ́ta ìṣẹ́jú yìí kì í hàn.

Èkejì ni ẹni tó ni bàálù. Kò ṣàjèjì rárá. Ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà sọ níwájú kóòtù pé àwọn ló ni ín, pé ọkọ̀ C-130 tí àwọn fi ń dánra wò ni. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà kò sì jìnnà sí Alímòṣọ́, ìró bàálù kì í ṣe nǹkan tuntun létí àwọn ará Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ohun ìjà olóhùn. Lóòótọ́ ni ìró tí etí kò lè gbọ́ wà. Ààrá máa ń mú un jáde, ìgbì òkun máa ń mú un jáde, ẹ̀rọ ńláńlá náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró kì í yan ilé kan ṣoṣo láàárín ọgbà. Bí ó bá le débi tí yóò fọ́ kọnkéré ilé alájà mẹ́fà, kí ló dé tí gbọ̀ngàn ìjọsìn tó wà nínú ọgbà kan náà kò wó, tí ilé àwọn aládùúgbò sì dúró digbí? Ní ti bọ́ǹbù, àwọn ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa ohun abúgbàù yẹ ibẹ̀ wò, wọn kò rí àmì kankan.

Kí wá ló wó ilé náà? Onídàájọ́ Oyetade Komolafe, tó darí ìwádìí ikú àwọn ènìyàn náà, gbé àbájáde rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù keje, ọdún 2015. Ó ní àṣìṣe tó wà nínú bí wọ́n ṣe yàwòrán ilé náà àti bí wọ́n ṣe ṣètò irin rẹ̀ ló fà á. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́rìí ti ṣàlàyé pé irin tó wà nínú àwọn bíìmù rẹ̀ kò tó fún ẹrù tí wọ́n gbé lé wọn. Ilé náà kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Onídàájọ́ náà sọ pé ìjọ náà jẹ̀bi àìbìkítà tó jẹ́ ọ̀ràn, ó sì ní kí ìjọba pe àwọn tó kọ́ ilé náà àti àwọn alámòójútó ìjọ lẹ́jọ́.

Àwọn kan ṣì ń béèrè pé báwo ni ilé ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe lè wó láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí kò bá sí ọwọ́ ẹnìkan ńbẹ̀. Bí ilé tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ ṣe ń wó nìyẹn. Bí pílà kan bá yẹ̀, ẹrù rẹ̀ yóò bọ́ sọ́rùn èyí tó kàn án, ìyẹn náà yóò yẹ̀, òkè yóò sì já lu ìsàlẹ̀. Ní Seoul, lórílẹ̀-èdè South Korea, ilé ìtajà Sampoong wó bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1995, ènìyàn 502 kú. Ní Bangladesh, Rana Plaza wó lọ́dún 2013, ènìyàn 1,134 kú. Àjà tí wọ́n fi kún ilé láìtọ́ wà lára ohun tó fa méjèèjì. Nílé wa níbí, ilé alájà mọ́kànlélógún wó n'Ikoyi lọ́jọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Kò sẹ́ni tó wá bàálù kiri lórí rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju àríyànjiyàn lásán lọ ni pé ìtàn bàálù ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀tá àìrí. Kò sẹ́ni tó lè mú ìró tí etí kò gbọ́ dé inú àpótí ẹlẹ́rìí. Bí ẹ̀bi bá ti gun òfurufú lọ, ẹni tó yàwòrán ilé, ẹni tó ra irin, ẹni tó ní kí wọ́n máa kọ́ ọ lọ láìgba ìwé àṣẹ, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ kó dá iṣẹ́ dúró tí kò dá a dúró, gbogbo wọn ti bọ́ nìyẹn. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ìjọba Èkó tó gbé àwọn ẹnjiníà méjì, àwọn ilé-iṣẹ́ wọn àti àwọn alámòójútó ìjọ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga n'Ìkẹjà, lórí ẹ̀sùn 111. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà, ọdún 2021, ni T.B. Joshua kú, láìfẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé iwájú onídàájọ́ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí BBC àti openDemocracy tún gbé ọ̀rọ̀ ìjọ náà àti ilé tó wó jáde nínú oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọ náà ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ àwọn. Bí àwọn kan ṣe ń bínú ni àwọn mìíràn tún sáré gbé fídíò bàálù síta. Àwọn ẹbí tó wà ní South Africa kò nílò fídíò náà mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò le: ta ni yóò dáhùn fún ènìyàn àwọn?

Ìbéèrè yìí kan àwọn ará Alímòṣọ́ pàápàá. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn tó wà nìjọba ìbílẹ̀ náà lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Ilé alájà mẹ́ta, alájà mẹ́rin ń yọ lójoojúmọ́ níbi tó jẹ́ irà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba yàrá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní láti gbójú sókè wo bàálù. Kó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé, kó wo ara ògiri àti pílà bóyá ó ti ń sán, kó sì fẹjọ́ sun àjọ tó ń rí sí ilé kíkọ́ bó bá rí i pé wọ́n ń fi àjà kún ilé tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Ìjọba náà ní láti jáde bí wọ́n bá fẹjọ́ sùn ún, ìbáà jẹ́ ilé tálákà, ìbáà jẹ́ ti wòlíì.