Kọ́kọ́rọ́ Àrokò Wà Lẹ́nu Wa

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a sọ ààbọ̀ fún kò bá gbọ́ èdè náà mọ́ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa kọ̀wé lónìí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà láàrin wa tí wọ́n gbà pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́ ọgbọ́n fífi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọn a máa tọ́ka sí Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, tí í fi lẹ́tà kẹta níwájú rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: D dípò A, E dípò B. Àwọn mìíràn ń yin àrokò, ṣùgbọ́n bí ẹni ń yin ìlẹ̀kẹ̀ ni: wọ́n á fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ ọdún, ó parí. A kò bá èyíkéyìí nínú wọn rìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àrokò ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, kì í ṣe owó ni ó fi ránṣẹ́. Ẹẹ́fà ni, fífà ni ó wà nínú rẹ̀: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin náà bá fi ẹyọ mẹ́jọ dáhùn, ó ti gbà: ẹẹ́jọ ni, èrò wa jọ. Ẹyọ méjì tí ó kọjú síra wọn ń sọ ti ìbátan àti ìpàdé. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìyapa àti ìṣọ̀tá ni. Àjèjì lè dá ìránṣẹ́ lọ́nà kí ó tú ẹrù rẹ̀ wò. Owó lásán ni yóò rí. Charles Andrew Gollmer, míṣọ́nnárì tí ó gbé ní Àgbádárìgì, mọ iyì ọgbọ́n yìí: ní 1885 ni àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àrokò jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlejò rí ẹ̀kọ́ níbi tí ọmọ onílé ti rí ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹnà náà kò yàtọ̀. Ọmọdé tí ó sọ «Mo fẹ́ lọ» di «Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ» ti gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, ó sì tún fáwẹ́lì àti ohùn kọ̀ọ̀kan pè láìṣìnà. Ìmọ̀ gírámà ni èyí. Olùkọ́ tí ó bá nà án pé ó ń sọ ìsọkúsọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó nà.

A mọ ibi tí ẹ̀gàn yìí ti wá. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ ìjọba Faransé, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ohun kan fún tí wọ́n ń pè ní symbole. Òun náà yóò máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Ẹni tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni yóò jìyà. Àrokò ni ìyẹn náà, àrokò ìtìjú. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Navajo jẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ní 1942, nígbà tí ogun Jàpáànì le, 29 nínú wọn ni àwọn ọmọ-ogun Marine kọ́kọ́ gbà láti fi èdè kan náà ṣe àṣírí ogun. Ahun ni wọ́n pe ọkọ̀ ogun onírin. Àwọn ará Jàpáànì kò rí àṣírí náà tú títí ogun fi parí. Èdè tí wọ́n nà lẹ́gba ni ó gba ẹ̀mí là.

Ẹnìkan yóò ní: «Àrokò rọrùn jù, ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò tú u.» Òótọ́ ni. Ti Caesar náà kò le: ẹni tí ó bá fi sùúrù dán ọ̀nà 25 wò yóò tú u. Síbẹ̀ a ń fi ti Caesar kọ́ ọmọ, nítorí pé a ka ìyẹn sí ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. Kí ló dé tí a kò fi tiwa kọ́ wọn?

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tó pọ̀ jù wà lọ́rùn àwa tí a ń pe ara wa ní olùfẹ́ àṣà. Ẹ so ẹyọ mẹ́fà pọ̀, kí ẹ gbé e fún ọmọ yín lálẹ́ òní. Yóò kà á: un, deux, trois, títí dé six. Six kò fa ẹnikẹ́ni mọ́ra. Huit kò jọ ohunkóhun. Àrokò ṣì wà lọ́wọ́ wa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ó ti bọ́. Òyìnbó nìkan kọ́ ni ó gbà á. Àwa náà sọ ọ́ nù nígbà tí a fi òǹkà sílẹ̀ fún èdè Faransé nìkan. A kò kórìíra Faransé. Àwa náà ń fi í kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn yìí. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí ó dá jókòó sórí ẹní tí ó gba ẹni méjì.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí òbí máa ka owó àti iṣu ní Yorùbá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ sọ ẹnà, kí ó sì bi í bí ó ṣe ń ṣe é. Kí ẹgbẹ́ wa, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, má tún gbé àrokò kọ́ sára ògiri láìsí ẹni tí yóò kà á sókè. Nítorí àjèjì ni àwọn baba wa fi ti ilẹ̀kùn; ẹ má jẹ́ kí ọmọ wa di àjèjì lẹ́nu ọ̀nà.